Owó Dùùrù

Inú dídùn ló jí Ìyá Kílódé lọ́jọ́ náà, kì í ṣe aago. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tó ti gbé omi kaná, tó ti gbálẹ̀ yàrá, tó sì ti dúró lórí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń sùn, tó ń wò ó bí ẹni pé alẹ́ àná ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lé òun lọ́wọ́. Ọjọ́ náà ni ọmọ yìí pé ọdún mẹ́wàá. Ọ̀túnla sì ni Kérésìmesì.

Ìyá Kékeré ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà, torí pé àtìgbà tó ti mọ̀ ọ́n rìn ló ti ń ṣe bí àgbà. Òun ni í rán ìyá rẹ̀ létí kó má gbàgbé kọ́kọ́rọ́. Òun ni í ní kí bàbá òun fọ ẹsẹ̀ kó tó gun orí ibùsùn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni Kílódé, ẹni tí ewé ò ní já lára igi níwájú rẹ̀ kó má béèrè pé kí ló dé. Orúkọ Kílódé yìí náà ni wọ́n fi ń pe ìyá àti bàbá wọn, torí pé ta ni yóò dúró máa pe ènìyàn ní Ìyá Ìyá Kékeré?

Ibi tí kò rọrùn fún ọmọ tálákà ni ọjọ́ ìbí ọmọbìnrin náà bọ́ sí. Ó sún mọ́ Kérésì jù. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá ra bàtà fún un lọ́jọ́ ìbí, wọn á ní, "Ti Kérésì náà nìyẹn o," òun náà á ní ó ti yé òun. Kò ráhùn rí. Àfi Kérésì èṣí, nígbà tí Kílódé ń já bébà lára ẹ̀bùn tirẹ̀, tí ọmọbìnrin náà jókòó tì í tó ń bá a ká bébà náà dáadáa, ló wí láìgbójú sókè pé, "Mọ́mì, ká ní mo dúró nínú yín díẹ̀ sí i ni, ṣé ọjọ́ tèmi ò bá ti dá wà?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ ìyá rẹ̀ lára bí áyọ́ọ̀nù gbígbóná. Ó sì mọ bí áyọ́ọ̀nù ṣe ń wọ ènìyàn lára, torí pé alọṣọ ni. Ilé ìfọṣọ kan tó ń fọ aṣọ fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló ti ń ṣiṣẹ́, àpá jíjó sì wà ní apá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti sọ̀rọ̀ yẹn ló ti pinnu pé lọ́dún tó ń bọ̀, ọjọ́ ìbí á gba tiẹ̀, Kérésì á gba tiẹ̀. Dùùrù kékeré kan tó ń lo bátìrì wà lórí pẹpẹ tó ga jù ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìṣeré ọmọdé. Ìyẹn ni ti ọjọ́ ìbí. Tírélà oníke kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti Kílódé, àti àpótí ọ̀dà ìyàwòrán, ti Ìyá Kékeré lọ́jọ́ Kérésì. Ó bá onísọ̀ sọ̀rọ̀, onísọ̀ gbà pé kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Bó bá ti gbowó iṣẹ́, ìsọ̀ ló ń kọ́kọ́ yà sí. Kò wọkọ̀ bọ̀ wálé mọ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Ó jáwọ́ nínú ṣúgà. Bàtà tó yẹ kó jù nù, ó rán an lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí kò gba abẹ́rẹ́ mọ́, ó lẹ̀ ẹ́. Ọkọ rẹ̀ mọ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ó tiẹ̀ bá a lọ sí ìsọ̀ náà lọ́jọ́ kan, ó fi ìka kan tẹ dùùrù náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yóò dí wa létí o."

Ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi ń dùn. Ọjọ́ náà ló fẹ́ san èyí tó kù, kó gbé ẹrù rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ti jí, ó ń múra. Awakọ̀ ni, ọkọ̀ tó ń kó tìmùtìmù láti ilé iṣẹ́ lọ sí ìsọ̀ káàkiri ló ń wà. Aṣọ tó ti ṣá ló máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó ń wọ̀ lọ sóde ló wà lọ́rùn rẹ̀.

"Bàbá Kílódé," ìyàwó rẹ̀ wí, "ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbé ìyàwó ni? Ẹrù lẹ fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀tì yẹn rù?"

"Ọ̀gá ní ká múra. Àlejò ń bọ̀." Okùn bàtà rẹ̀ ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìyá Kékeré jí dìde, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí. "Wàá dàgbà, wàá darúgbó. Wàá ṣe ju àwa lọ." Àdúrà náà kúrú ju bó ṣe máa ń gùn lọ. Kí ọmọ tó ṣe àmín tán, ó ti ń bọ́ sọ́nà, ó sì gbàgbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì. Ìyá Kílódé gbé oúnjẹ náà sá tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó ti yí kọ́ọ́nà.

Ní ilé ìfọṣọ, funfun ni gbogbo nǹkan. Aṣọ ibùsùn, aṣọ orí tábìlì, aṣọ ìnura. Àwọn tó ń fọ̀ wà nísàlẹ̀, àwọn tó ń lọ̀ wà lókè, ooru ìsàlẹ̀ a sì gun àtẹ̀gùn wá bá ooru òkè. Ẹni tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan gbà láti bá a lọ ìpín tirẹ̀ tó kù, kó lè tètè lọ, pé bílẹ̀ bá mọ́, òun náà á san án padà.

"Ta ló máa kọ́ ọ ní dùùrù náà?" obìnrin náà bi í.

"Yóò kọ́ ara rẹ̀. Etí tábìlì ló ń tẹ̀ látọjọ́ tó ti gbọ́ pé mo fẹ́ rà á. Tábìlì ò dún, síbẹ̀ ó ń ṣì í, ó ń tún un bẹ̀rẹ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ ibùsùn tó gbẹ̀yìn, etí rẹ̀ bá etí mu, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó jáde.

Bí wọ́n bá da eṣú sínú ìsọ̀ yẹn lọ́jọ́ náà, kò ní rí ibi bà sí. Bàbá kan ń ná ọmọláńgidi, ó gbé e sókè bí ẹni tó ń yẹ adìyẹ wò. Ọmọ kan ti nà sílẹ̀, ó ní òun ò dìde àfi kí wọ́n ra ìbọn omi fóun. Ìyá rẹ̀ dúró lórí rẹ̀, ó ń wo ibòmíràn bí ẹni tí kò mọ ọmọ náà rí. Ìyá Kílódé gbójú sókè sí pẹpẹ tó ga jù. Kò rí dùùrù níbẹ̀. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé onísọ̀ ti wé e sílẹ̀ de òun.

Nígbà tó kàn án, onísọ̀ wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹ káàsán, Ìyá Kílódé. Ara ọmọ ńkọ́?"

"Ara ọmọ wo?"

"Èyí tí ara rẹ̀ ò yá. Bàbá wọn wá níjelòó. Ó ní ilé ìwòsàn ní kẹ́ ẹ wá sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Mo kó gbogbo owó náà fún un. Mi ò yọ kọ́bọ̀. Mo ní èmi náà bímọ." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí kò délé?"

Ìyá Kílódé di etí tábìlì onísọ̀ mú. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́kàn kì í ṣe owó. Ọmọ rẹ̀ tí orí ò fọ́ ní gbogbo ọdún náà, tí inú ò run, ni bàbá rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dá dùbúlẹ̀ láàárín ọjà.

"Ó délé," ó wí. "Ara ọmọ ti yá. Ẹ ṣeun."

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dùùrù yẹn ti lọ o. Ọjà Kérésì kì í dúró. Ṣùgbọ́n ẹ lè mú nǹkan mìíràn, bó ti wù kó kéré mọ, fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn."

"Màá padà wá."

Ó yí padà, ó bá ojú Rédíò pàdé. Rédíò ni obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tiwọn. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè ìdí rẹ̀. Bàlúùnù ló wá rà, ó sì ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ pátá.

Ó tẹ̀lé Ìyá Kílódé jáde. "Ìyàwó, fara balẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n bí owó bá sọnù nílé tí olè ò wá, obìnrin ni kó o wá lọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde láàárọ̀. Ojú mi kọ́ ló rí i?"

"Iṣẹ́ ló lọ."

"Iṣẹ́ náà ni mo ń wí."

Ó fi Rédíò sílẹ̀ níbẹ̀. Owó tó kù tó fẹ́ fi san ti dùùrù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi wọ ọkọ̀. Odidi ọdún ni kò wọkọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ ò lè gbé ohun tó wà láyà rẹ̀ dé ibi tó ń lọ.

Ilé iṣẹ́ tìmùtìmù náà ní ọgbà ńlá, ọgbà náà sì ní géètì irin. Láti ìta ló ti ń gbọ́ orin. Bàlúùnù aláwọ̀ mèremère ni wọ́n so mọ́ irin géètì láti òkè délẹ̀. Olùṣọ́ tó wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n.

"Ẹ wọlé, ìyàwó wa. Ẹ ò pẹ́ jù. Wọn ò tíì gé kéèkì."

"Kéèkì kí ni?"

"Ọmọ ọ̀gá ló pé ọdún kan lónìí."

"Ọdún kan," ó wí.

"Ọdún kan géérégé. Ẹ wo ẹ̀bùn tí àwa òṣìṣẹ́ rà fún un. Ọkọ̀ ni, ọkọ̀ tí ọmọ ń jókòó sínú rẹ̀, iná ń tàn níwájú, ó ń fọn fèrè. Gbogbo wa la dá a. Èmi alára, owó ilé ni mo dá sí i."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dá a?"

Olùṣọ́ wẹ̀yìn, ó sún mọ́ ọn. "Kò sẹ́ni tó ní ká dá a. Akọ̀wé ọ̀gá kàn ń wá bá wa lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Ó ní kì í ṣe tipátipá. Ó ní ọ̀gá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù bọ́dún bá yí, ọ̀gá á sì fẹ́ mọ àwọn tó fẹ́ràn ilé iṣẹ́ dénú. Ẹ̀yin náà, ta ni kò ní fẹ́ràn ilé iṣẹ́ dénú?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì kọjá eyín rẹ̀.

Ìyá Kílódé ò wọlé. Àlàfo géètì ló ti ń wò. Àwọn àlejò jókòó lábẹ́ ìbòrí, wọ́n ń mu nǹkan tútù. Níwájú wọn, lórí sìmẹ́ńtì tí wọ́n ti fi omi fọ̀, ọkọ̀ pupa kan ń yí po. Ọmọdé sanrasanra kan wà nínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ há a kó má baà ṣubú. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti bẹ̀rẹ̀, ó ń tì í lẹ́yìn. Àwọn ènìyàn na fóònù sí i, wọ́n ń ya fọ́tò, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín sí fóònù kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹnu ṣe bí ọkọ̀, ó ń ṣe "fùù-ùn, fùù-ùn," bó ṣe máa ń ṣe fún Kílódé nígbà tí Kílódé ṣì kéré. Òógùn ti mú kí ṣẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Bó bá jẹ́ obìnrin ló bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mọ ohun tí òun ì bá ṣe. Ó ti to èébú sẹ́nu nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀ tó tẹ̀ yẹn, kò rí èébú kankan tó bá a mu.

Ọmọbìnrin kan tó wọ gíláàsì dúdú jáde wá, ó gbé àwọn àpò kékeré dání. Ó wo bàtà Ìyá Kílódé, ó wo ojú rẹ̀, ó fa àpò kan yọ. "Màmá, ẹ gbà. Ẹ má dúró lójú ọ̀nà, ọkọ̀ àlejò fẹ́ wọlé." Ọwọ́ Ìyá Kílódé ti nà, ó ti gbà á, kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Ọwọ́ tálákà ti mọ̀ ọ́n gbà kí ó tó bi orí léèrè.

Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ géètì títí ọkọ̀ àlejò fi wọlé. Lẹ́yìn náà, ó ra búrẹ́dì àti ẹyin, ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé.

Rédíò ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ó mọ̀ ọ́n láti ara bí àwọn obìnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ omi ṣe dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà tó yọ sí wọn. "Ẹ kú àbọ̀," ni wọ́n wí, gbogbo wọn papọ̀, bí ọmọ ilé ìwé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́." Kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀kan nínú wọn fi wí pé, "Ó mà ṣe o," bí ẹni ń bá omi sọ̀rọ̀.

Kílódé sáré pàdé rẹ̀. "Mọ́mì, kí ló dé tí wọ́n ní Dádì ní ìyàwó?"

"Èmi ni ìyàwó rẹ̀."

"Wọ́n ní òmíràn."

"Bátìrì Rédíò ló fẹ́ tán. Ohun tó bá ṣáà ti wá sí i lẹ́nu ló ń sọ. Wọlé."

Ìyá Kékeré ti múra sílẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti di irun rẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára jù nínú aṣọ rẹ̀, ó sì ti nu tábìlì títí tó fi ń dán. Ó ti kó gbogbo nǹkan kúrò lórí rẹ̀, ó fi àyè sílẹ̀ láàárín. Kò béèrè nǹkan kan. Ó kàn wo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó wo àpò náà, àpò náà ò sì lè gba dùùrù.

"Ẹ kú àbọ̀, Mọ́mì. Ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ yín."

Ìyá náà gbé àpò náà fún un torí pé kò mọ ohun mìíràn tí òun lè ṣe. Súìtì wà nínú rẹ̀, àti bisikíìtì, àti ife oníke kan tí wọ́n ya àwòrán ọmọ sí lára, tí wọ́n kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé ỌMỌ WA PÉ ỌDÚN KAN.

"Ta nìyí?"

"Ọmọ ọ̀gá bàbá yín."

Ìyá Kékeré wo àwòrán náà dáadáa. "Ó sanra," ó wí. Ó dá bisikíìtì sí méjì, ó fún àbúrò rẹ̀ ní èyí tó tóbi, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó kúnlẹ̀.

Ìyá rẹ̀ yára lọ sídìí sítóòfù. Ó dín ẹyin. Ó fi àlùbọ́sà sí i púpọ̀, kí ẹni tó bá rí omi lójú rẹ̀ lè mọ ibi tó ti wá.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá wọn dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo orí tábìlì, ó sì mọ̀. Àwọn ọmọ kí i. Wọ́n jẹun. Kílódé ló ń sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ, ó fẹ́ mọ ìdí tí ẹyin fi pupa nínú. Nígbà tí wọ́n jẹ tán, ìyá wọn ní kí wọ́n lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì náà ló pín yàrá sí méjì. Aṣọ ni, kì í ṣe ògiri.

"Ara ọmọ ti yá," Ìyá Kílódé wí.

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn bàtà rẹ̀.

"Onísọ̀ ní kí n kí ọ. Ó ní òun ò yọ kọ́bọ̀ nínú owó náà."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, "ẹ" ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà gbọ́ "ọ" yẹn. Ó gbójú sókè, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ."

"Ìgbà wo?"

"Lójoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ sọ ọ́."

"O wá rí àìsàn wí. Nínú gbogbo irọ́ tí Ọlọ́run dá, o ò rí òmíràn pa. O gbé àìsàn lé ọmọ lórí kí ọmọ ọ̀gá ẹ lè gun ọkọ̀."

Ó wò ó. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo wà ní géètì. Mo rí ẹ. O ń ṣe fùù-ùn."

Ọkùnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò le. "Kí ni kí n ṣe? Akọ̀wé wá bá mi lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní èmi nìkan ni mo kù nínú àwọn awakọ̀. Ó ní kì í ṣe tipátipá. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ṣé dùùrù la ó máa jẹ? Ṣé dùùrù la ó kó fún onílé?"

"O ò bá bi mí."

"Tí mo bá bi ẹ́, o ò ní gbà."

"Mi ò ní gbà."

"Ṣé o rí i?"

"Mi ò ní gbà, torí pé owó ẹsẹ̀ mi ni. Owó ẹsẹ̀ tí mo fi rìn ni." Ó ṣe bí ẹni fẹ́ ká nǹkan tí kò sí níbẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ na orí tábìlì. "Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀..."

Kò parí rẹ̀. Kò sí ẹni tí a bí sínú èdè náà tí kò mọ ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ń lọ. Ọkọ rẹ̀ tẹrí ba bí ẹni tí wọ́n da omi lé lórí.

"Wọ́n wá ní iṣẹ́ ò ní bọ́?" obìnrin náà bi í nígbà tó yá.

"Wọn ò sọ."

"Ọ̀gá ńkọ́?"

"Ọ̀gá ò wo ibi tá a wà. Ó ń bọ àwọn àlejò lọ́wọ́. Akọ̀wé ní a kú iṣẹ́." Ó ń fi ìka ṣa èérún búrẹ́dì jọ. "Ó ní ìyàwó ọ̀gá náà ń ṣọjọ́ ìbí tọ́dún bá yí. Ó ní ká ti máa múra sílẹ̀."

Ìyá Kílódé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dára létí ara rẹ̀, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Lọ́dọ̀ Rédíò, níkejì ògiri, ẹnì kan dín ohùn tẹlifíṣàn kù kó lè gbọ́ dáadáa. Àwọn méjèèjì gbọ́ ìgbà tó dín in kù, wọ́n sì dákẹ́ fún un. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, ọkùnrin tó fẹ́ kí wọ́n máa jẹun lọ àti obìnrin tó fẹ́ kí ọmọ wọn rí ọjọ́ kan ní tirẹ̀, kò sì sí èyí tó lè sọ fún ẹnìkejì pé ohun tó fẹ́ ò dára.

Kọ́tìnnì ṣí. Ìyá Kékeré jáde, ó ti bọ́ aṣọ dídára yẹn, ó ti ká a, ó ti wọ aṣọ ilé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo oúnjẹ jọ, kékeré sórí ńlá. Nígbà tó dé iwájú bàbá rẹ̀, ó dúró.

"Dádì, ṣé ọmọ yẹn fẹ́ràn ọkọ̀ náà?"

Bàbá rẹ̀ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò ràn án lọ́wọ́.

"Rárá," ó wí. "Nígbà tí fèrè rẹ̀ fọn, ẹ̀rù bà á. Ó bú sẹ́kún. Wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Kò tún gbà kí wọ́n gbé òun padà sínú rẹ̀."

"Níbo ni wọ́n wá gbé ọkọ̀ náà sí?"

"Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àwọn àlejò ń to ìgò tí wọ́n ti mu tán sínú rẹ̀."

Ọmọ náà rò ó wò. Ó mi orí díẹ̀, bí àgbà tó gbọ́ ẹjọ́ tó sì ti rí ibi tó dojú rú. "Ọdún kan ti kéré jù," ó wí. "Kò tíì mọ nǹkan." Ó gbé àwo tó wà níwájú bàbá rẹ̀ lé orí ti tẹ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan án léjìká, fẹ́rẹ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Dádì."

Ó kó àwọn àwo náà jáde.

Ọkùnrin náà ti gbé iwájú orí lé orí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ bó ṣe tẹ̀ lọ́sàn-án. Ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà sínú bàsíà níta, bí ọmọ ṣe ń fọ àwo kan tẹ̀ lé òmíràn, tí kò fi ọ̀kan kan ọ̀kan. Ó tẹ́tí títí. Bó bá jẹ́ pé ẹkún ni ọmọ náà ń sun ni, ì bá mọ bí òun yóò ṣe dìde lọ rẹ̀ ẹ́.